Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Pa Ọmọ Adìẹ Nínú Búrúdà Ìta

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan sí búrúdà ìta (ibi tí a dá iná sí níta láti máa mú ọmọ adìẹ móoru), ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó náwó. Ó ti sú mi láti máa lọ wo òkú ọmọ adìẹ tí kò yẹ kó kú.

1. Kíkó wọn dé kí búrúdà tó gbóná. Ẹ tan iná sílẹ̀ láti àná. Bí ilẹ̀ tí wọ́n máa tẹ̀ bá tutù, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ni òtútù máa gbà wọlé.

2. Gbígbé tẹmómítà kọ́ sókè. Ooru a máa gòkè, nítorí náà irọ́ ni tẹmómítà òkè ń pa. Ibi tí ẹ̀yìn ọmọ adìẹ dé ni kí ẹ gbé e sí. 32 sí 35°C ló yẹ wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín nǹkan bíi 3°C kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ á fi bò wọ́n.

3. Dídí búrúdà pa. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Wọ́n á fi tapólì dí ọ̀tún, wọ́n á dí òsì, wọ́n á fi àpò bo òkè, wọ́n á wá gbé ìkòkò èédú sáàárín. Èédú ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn. Ẹ má sọ fún mi pé kò kúkú rú èéfín. Èédú tó ti pọ́n yòò, tí èéfín rẹ̀ ti tán, ṣì ń tú u jáde. Ó ń pa èèyàn tó sùn tì í, ká má tíì sọ ọmọ adìẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n wá wo àwọn tí òtútù pa. Mo ṣí tapólì, ooru lù mí lójú. Òkú wọn tẹ́ lọ káàkiri, wọn ò gun ara wọn rárá. Mo mú ọ̀kan, mo tẹ àpò oúnjẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó kún dáadáa. Àwọn tí òtútù ń pa kì í kú báyẹn. Igun kan ni wọ́n máa ń rọ́ jọ sí, tí ti òkè á tẹ ti ìsàlẹ̀ pa. Ẹni tó ni wọ́n sì ti ń múra àtira tapólì mìíràn kún un!

Atẹ́gùn tó ń gba ilẹ̀ lu ọmọ adìẹ ni ká dí. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti kan tapólì mọ́ra, kí ẹ máa fà á sókè, kó má dé òrùlé. Àlàfo òkè yẹn ni afẹ́fẹ́ burúkú àti òórùn ìgbẹ́ á gbà jáde. Ẹni tó kan tirẹ̀ lókè, tó ń ká a láti ìsàlẹ̀, orí adìẹ ló ń darí atẹ́gùn sí. Ibi tí àlàfo ò bá sì sí lókè, ẹ má gbé èédú wọ ibẹ̀ láé.

Gílóòbù náà ní tirẹ̀. Wáyà iná nìkan kò tó láti fi gbé e kọ́. Ẹ fi ṣéènì kún un, torí afẹ́fẹ́ ìta a máa mì í, èérún pákó gbígbẹ ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ sá fún gílóòbù tí wọ́n fi PTFE bò, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń bo inú páànù kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá gbóná, ohun tó ń tú jáde máa ń pa ẹyẹ.

Ẹ má tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún wọn, ó ń yọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ adìẹ á yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá sì jẹ́ àwọ̀n lẹ fi yí búrúdà ká, èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ kò lè dá eku dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo inú búrúdà gbóná bákan náà. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ tí èyí tí ooru bá mú lè sá sí.

Kí ẹ tó sùn, ẹ lọ wò wọ́n. Bí wọ́n bá ṣù jọ sábẹ́ iná, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ni. Bí wọ́n bá sá fún iná, tí wọ́n lanu, tí wọ́n na ìyẹ́, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn ń wọlé láti òdìkejì. Ẹ wá ihò náà, kí ẹ dí i. Ẹ tún padà lọ ní ìdájí, torí ìgbà yẹn ni òtútù ìta máa ń mú jù.