Ebi Kọ́ Ló Dá Ọgbẹ́ Sínú Yín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gúnyán tà ní Ìkéré-Èkìtì. Nígbà tí òkè inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n lóru, gbogbo ará ọjà ló ní ebi ni, pé wọn kì í tètè jẹun. Ebi kẹ̀, ẹni tí iyán gbígbóná wà níwájú rẹ̀ láti àárọ̀! Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí àwọn tó kù.

Kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Helicobacter pylori ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Ó mọ bó ṣe ń pa oró omi kíkan inú ikùn, ló fi ń gbé ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó o nínú ilé. Nígbà táwọn oníṣègùn ò gbà pé kòkòrò ló ń fà á, Barry Marshall, dókítà ará Ọsirélíà, gbé kòkòrò náà mu lọ́dún 1984. Ara ikùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún wú, ó sì pọ́n lóòótọ́. Òun àti Robin Warren, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìwádìí náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ló tú àṣírí ti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gba oògùn ọjọ́ 14: oríṣi apakòkòrò (antibiotic) méjì pẹ̀lú omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù. Lọ́jọ́ karùn-ún tí ara tù wọ́n, wọ́n kó ìyókù sínú agolo mílíìkì, ó di ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí mo ṣí agolo yẹn, páálí kan ti ṣófo. Ọkọ wọn ti fi wo ikọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Kòkòrò tí ẹ ò pa tán, oògùn yẹn lè má ràn án mọ́.

Ẹ má fi oògùn ìrora bí ibuprofen tàbí diclofenac pa inú rírun. Àwọn gan-an a máa dá ọgbẹ́ sí ikùn. Mílíìkì ńkọ́? Á tù yín díẹ̀, omi kíkan á sì tún sun sí i. Ti àgbo ọlọ́tí, ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Ẹ má sì fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wò ó bóyá kòkòrò náà ti lọ, torí àmì rẹ̀ a máa pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ìgbẹ́ tàbí èémí ni kí wọ́n yẹ̀ wò, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí apakòkòrò tán, kí ẹ sì ti fi omeprazole sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ bì, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́. Ọsibítù lóru ọjọ́ náà.