Àṣìṣe tí àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n wá san “owó yíyá” ayé àtijọ́

Lẹ́yìn tí òfin IR35, èyí tó ní kí agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣiṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ gidi máa san owó-orí bí òṣìṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ètò kan tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ sọ pé kò lòdì sófin rárá. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ájẹ́ǹsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Britain ń ṣe. Bí ètò náà ṣe rí nìyí: ilé-iṣẹ́ tó dúró láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní umbrella, á san owó-oṣù kékeré kan tí wọ́n ti yọ owó-orí kúrò nínú rẹ̀, oníṣẹ́ á sì gba ìyókù gẹ́gẹ́ bí owó yíyá láti ọ̀dọ̀ trust kan (àpò owó tí àwọn kan ń bójú tó fún ẹlòmíràn) ní erékùṣù Isle of Man tàbí Jersey. Gbèsè kì í ṣe owó iṣẹ́, nítorí náà wọ́n ní kò sí owó-orí lórí rẹ̀, wọ́n sì tún fi ọkàn oníṣẹ́ balẹ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò béèrè owó náà láé.

Ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá ń béèrè rẹ̀ báyìí. Èkíní ni HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí. Ìjọba kéde owó-orí pàtàkì kan tí wọ́n ń pè ní loan charge nínú ètò ìṣúná ọdún 2016, wọ́n sọ ọ́ di òfin ní ọdún 2017, ó sì mú gbogbo owó yíyá irú èyí tí wọn kò tíì san títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2019, kódà èyí tí wọ́n yá láti ọdún 1999. Lẹ́yìn àyẹ̀wò tí Sir Amyas Morse ṣe, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìjọba yọ àwọn èyí tó ṣáájú ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2010 kúrò. Ẹnì kejì ni àwọn tó ń bójú tó trust náà, tàbí ilé-iṣẹ́ àjèjì kan tó ra gbèsè náà lọ́wọ́ wọn, tó wá ń kọ lẹ́tà pé kí oníṣẹ́ wá san gbogbo ohun tó yá.

Kíka ẹni méjì yìí sí ọ̀kan ni àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù. Ẹni tó ti san loan charge, tàbí tó ti bá HMRC parí ọ̀rọ̀, á rò pé gbèsè náà ti kú. HMRC fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: owó-orí ni àwọn gbà, ọ̀rọ̀ ẹni tó yáni lówó sì wà láàárín oníṣẹ́ àti ẹni náà, àwọn kò ní dá sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó sáré san owó fún ẹni tó ra gbèsè, tó wá rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìwé-ẹ̀rí tí ọ̀kan bá fúnni kò wúlò níwájú èkejì. Bí lẹ́tà kan bá dé, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé ta ló kọ ọ́, kí ló sì ń béèrè.

Àṣìṣe kan wà tí mo rò pé àwa Yorùbá súnmọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Wọ́n tọ́ wa pé bí olówó bá kan ilẹ̀kùn, kí á kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, kí á ní “ẹ má bínú, mo mọ̀ pé mo jẹ yín, ẹ fún mi láyè díẹ̀.” Ìwà ọmọlúàbí ni nílé, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹjọ́ jẹ́ pátápátá bí a bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà tàbí ímeèlì. Ní England àti Wales, ọdún mẹ́fà ni òfin fún olówó láti gbé gbèsè lásán lọ sílé-ẹjọ́, ó sì jẹ́ ọdún méjìlá bí ìwé àdéhùn náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní deed, ìwé tí a máa ń fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí. Ní Scotland, ọdún márùn-ún ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ tí ẹ sì fọwọ́ sí i pé ẹ jẹ gbèsè náà kí ọdún mẹ́fà yẹn tó pé, tàbí tí ẹ san díẹ̀ nínú rẹ̀, ì báà ṣe £20 péré, kíka ọdún náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí kíkà yẹn bẹ̀rẹ̀ gan-an wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe kọ àdéhùn náà: bóyá wọ́n dá ọjọ́ ìsanpadà, tàbí wọ́n fi í sílẹ̀ títí olówó yóò fi béèrè. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí agbẹjọ́rò tó ka ìwé náà.

Àwọn mìíràn kì í béèrè ẹ̀rí rárá. Ẹni tó ní òun ra gbèsè yín gbọ́dọ̀ lè fi ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí hàn, kí ó fi iye tí wọ́n san fún yín àti ọjọ́ tí wọ́n san án hàn, kí ó sì fi ìwé tí wọ́n fi gbé gbèsè náà lé òun lọ́wọ́ hàn. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀, ẹ sì ṣe é lọ́nà tí kò ní dà bíi pé ẹ gbà pé ẹ jẹ gbèsè náà. Ẹ wá àwọn ìwé tiyín pẹ̀lú: ìwé owó-oṣù, àkọsílẹ̀ báńkì, àti ímeèlì tí aṣojú ètò náà fi sọ fún yín pé ẹ kò ní san án padà. Ímeèlì yẹn lè gba yín sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn ìbẹ̀rù ni ìtànjẹ ẹ̀dínwó máa ń wọlé: “Ẹ san ìdá díẹ̀ kí oṣù tó parí, a ó sì fún yín ní ìwé pé gbèsè ti parí.” Ẹ má fọwọ́ sí i láìjẹ́ pé ẹ bá onímọ̀ owó-orí sọ̀rọ̀, nítorí pé gbèsè tí wọ́n bá fagi lé lè di ohun tí HMRC yóò wò gẹ́gẹ́ bí owó tó wọlé fún yín, pàápàá bí kò bá sí loan charge lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, nítorí náà ẹ má kàn ju lẹ́tà sínú dúróà. Ẹ fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ìdẹ́rùbà lásán àti ìwé tí òfin fún ní ọjọ́. Ní England àti Wales, lẹ́tà tí olówó gbọ́dọ̀ kọ kí ó tó pẹjọ́ sí ènìyàn lórí gbèsè máa ń fúnni ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Ìwé ẹjọ́ gan-an ń fúnni ní ọjọ́ 14, tí yóò di 28 bí ẹ bá tètè jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ mọ̀ pé ẹ ti rí i gbà. Èyí tí wọ́n ń pè ní statutory demand, ìwé tí olówó fi ń béèrè gbèsè lábẹ́ òfin ìwọko-gbèsè, ló yẹ ká bẹ̀rù jù: ọjọ́ 18 péré ló wà láti ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e, nígbà tí ọjọ́ 21 bá sì kọjá, olówó lè béèrè pé kí wọ́n kéde yín ní ẹni tó wọko gbèsè, bí owó náà bá tó £5,000.

Nípa ti HMRC, àṣìṣe tó bani nínú jẹ́ jù ni kí ènìyàn sá wọ ètò kejì tí wọ́n ní yóò yọ òun nínú ti àkọ́kọ́. Àjọ náà ti kìlọ̀ nípa irú rẹ̀ léraléra. Nọ́ńbà DOTAS tó wà lára ìpolówó ètò kò túmọ̀ sí pé ìjọba fọwọ́ sí i. Àmì pé wọ́n ti fi tó ìjọba létí lásán ni, HMRC kì í sì í fọwọ́ sí ètò kankan. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé apá yín kò ká a, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìròyìn àyẹ̀wò tuntun tí Ray McCann ṣe lórí loan charge jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba sì gbà láti ṣí ètò ìparí-ọ̀rọ̀ tuntun fún àwọn tí kò tíì bá HMRC parí. Ẹ má gba iye tó wà nínú lẹ́tà àtijọ́ láìbéèrè bóyá ẹ yẹ fún èyí.

Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ìyàwó tàbí ọkọ wọn, tí wọ́n á sì máa dá nìkan ka lẹ́tà lóru. HMRC ti gbà pé òun mọ̀ nípa ènìyàn mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ loan charge kàn tí wọ́n gba ẹ̀mí ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ń wọ̀ yín lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé lónìí, tàbí kí ẹ pe Samaritans, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn-ọkàn ènìyàn lórí fóònù, lórí 116 123. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń gbé e tọ̀sán tòru.