Bá a ṣe ń mọ̀ pé ásímà ló ń ṣèèyàn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni òtútù fà o. Ọmọ tó ń wúkọ́ lóru, tó máa ń jí jókòó nídàájí torí pé kò rí èémí mí dáadáa, tílẹ̀ bá wá mọ́ tó tún ń sáré kiri bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é, ẹ má kàn máa rọ síráàpù fún un ṣáá, ẹ ronú kan ásímà, ìyẹn àìsàn tó máa ń mú kí ọ̀nà èémí fún.

Ikọ́, kí èémí máa dún fíì-fíì, kí àyà fún, kéèmí má délẹ̀, àwọn nǹkan tó máa ń ṣe ẹni tó ní ásímà nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ lè má pé, àwọn míì ikọ́ nìkan ni. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni pé ó máa ń wá, ó máa ń lọ, ó sì ní ohun tó ń ta á jí, bí eruku ọyẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀, èéfín igi ìdáná, sẹ́ńtì, eré sísá, ọ̀fìnkìn.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tó ṣe é, aago tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, bó ṣe pẹ́ tó. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya fídíò ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá fi máa dé ọsibítù ó ti lè lọ, dókítà á gbọ́ àyà títí kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ bọ́ ẹ̀wù ọmọ kẹ́ ẹ tó yà á, kí wọ́n lè rí i bóyá awọ àárín egungun ìhà ẹ̀ ń wọnú tó bá fa èémí. Tí wọ́n bá bèèrè ẹni tó ní in nínú ẹbí, tàbí ẹni tára ẹ̀ máa ń yún tó máa ń sín ṣáá, ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú.

Àyẹ̀wò gangan ni spirometry, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí èèyàn ṣe ń fẹ́ èémí jáde tó. Ẹ ó fa èémí kún inú, ẹ ó fi ètè di ẹnu páìpù pa, ẹ ó wá fẹ́ ẹ tagbára-tagbára títí kò fi ní ṣẹ́ kù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán. Wọ́n á fún yín ní salbutamol, oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, kẹ́ ẹ fà á, ẹ ó dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ ó tún fẹ́. Tí atẹ́gùn tí àgbàlagbà fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ǹdì àkọ́kọ́ bá fi 12% ju èyí tó fẹ́ kó tó fa oògùn lọ, tó sì fi 200 mílílítà lé, ó bá ásímà mu gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti ń lo ínhélà, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fà sínú láti ẹnu, ẹ bi wọ́n ṣáájú bóyá kẹ́ ẹ dá a dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Tí kò bá sẹ́rọ yìí nítòsí, ẹ ra peak flow meter, ohun kékeré tí wọ́n ń fẹ́ láti fi mọ bí èémí ṣe ń yára jáde tó, ẹ máa fẹ́ ẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ máa kọ èyí tó ga jù nínú mẹ́ta, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà. Tí èsì bá dáa lọ́jọ́ tára yá, ásímà ṣì lè wà o. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún kì í sábà lè fẹ́ ẹ dáadáa, ìtàn yín àti fídíò yẹn ni dókítà máa gbára lé jù.

X-ray ò lè fi ásímà hàn, wọ́n fi ń wò ó bóyá nǹkan míì ni. Ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tèèyàn ń rù, tó ń làágùn lóru, ẹ lọ yẹ tíbì (ikọ́ ẹ̀gbẹ) wò. Bó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́, ẹ̀pà ti lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ síbi tí kò yẹ, ọsibítù lẹsẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹni tí ò bá lè sọ̀rọ̀ parí torí èémí, tí ètè ẹ̀ ń dúdú, tàbí tí àyà tó ń dún fíì-fíì bá dákẹ́ lójijì tó sì ṣì ń jà fún èémí, kò sí pé à ń ṣàyẹ̀wò mọ́, tó bá ní ínhélà búlúù (ti salbutamol) kó máa fà á lọ́nà, ẹ gbé e lọ pàjáwìrì.