Káàdì Àlejò Tí A Sanwó Fún ní Bad Kissingen

Owó tí mo san ní ilé àlejò kan ní Bad Kissingen, ní ilẹ̀ Jámánì, ju iye tí a jọ ṣe àdéhùn lé lórí lọ, ó sì ń dùn mí títí di òní. Owó ìlú tí wọ́n ń pè ní Kurtaxe ni onílé fi kún un. Àwọn ìlú tó ní ìsun omi ìwòsàn a máa gbà á lórí ẹni kọ̀ọ̀kan fún òru kọ̀ọ̀kan. N kò bá owó náà jà. Ohun tó bí mi nínú ni pé onílé gba owó, kò sì fún wa ní káàdì àlejò tó yẹ kó bá a rìn.

Nítorí inú tó ti ń yọ màmá mi lẹ́nu tipẹ́ ni a ṣe lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, obìnrin tó ń bu omi béèrè káàdì wa. A kò ní, mo sì sanwó fún àwa méjèèjì. Nígbà tí a padà délé àlejò, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní kí n dúró de ọ̀gá òun. Mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀gá kò yọjú. Lọ́jọ́ kejì mo tún sanwó omi. Lọ́sàn-án, ọ̀gá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló bàjẹ́. Mo tẹ́ rìsíìtì mi síwájú rẹ̀, mo fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ Kurtaxe sí, mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fa káàdì méjì yọ nínú àpótí tábìlì, tó sì fi bírò kọ orúkọ wa sí i.

Omi náà fúnra rẹ̀ kò já wa kulẹ̀. Rakoczy ni orúkọ rẹ̀; ọdún 1737, nígbà tí Balthasar Neumann ń darí odò Saale gba ojú ọ̀nà mìíràn, ni wọ́n rí ìsun náà. Ó mọ́ kedere, ó ní iyọ̀, ó sì ń fi ìtọ́wò irin sílẹ̀ lórí ahọ́n. Màmá di ojú, wọ́n gbé e mì, wọ́n ní, "Irin ni mò ń tọ́ wò yìí." Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mu ún bí wọ́n ti ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí Max Littmann yàwòrán rẹ̀, èyí tí wọ́n parí ní 1911, tí wọ́n dìídì kọ́ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí a tó jẹun, inú wọn ti rọ̀. Inú mi dùn gidigidi pé èmi ni mo mú wọn lọ.

Ẹ gba káàdì yín kí ẹ tó gbé ẹrù wọ yàrá. Mo béèrè owó omi ọjọ́ méjèèjì lọ́wọ́ onílé. Ó kọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀.