Ẹ má fi Róòmù 13 nìkan ṣe é: àṣìṣe tí àwa Kristẹni ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìjọba

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí Kristẹni kan dìbò fún, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè, ẹsẹ Bíbélì tó wà lẹ́nu ẹ̀ lásìkò yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ ẹni tiẹ̀ ló wà lórí àga, Róòmù 13 ló máa gbé síta, ẹ tẹríba fún aláṣẹ, ẹ má sọ̀rọ̀ sí ẹni àmì òróró, ẹ ṣáà máa gbàdúrà. Ìdìbò tún dé, ẹlòmíì wọlé, Róòmù 13 ti wọ àpò lọ, ó ku Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:29, ká gbọ́ ti Ọlọ́run ju ti èèyàn lọ. Ẹnì kan náà o, Bíbélì kan náà, ẹni tó jókòó sórí àga nìkan ló yí. Èmi náà ti ṣe é rí, mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

Ẹ má ka Róòmù 13 bíi pé ibẹ̀ ni lẹ́tà yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Orí 12 ń sọ pé ká má fi búburú san búburú, ká fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù gbà dórí ọ̀rọ̀ ìjọba, orúkọ tó sì pe aláṣẹ ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run fún rere wa. Ìránṣẹ́ o. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún, tí ìránṣẹ́ bá wá ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò rán an, ṣé ìyẹn náà la ó máa pè ní ìfẹ́ Ọlọ́run?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pa èèyàn rí. Ní Jámánì láyé Hitler, orí 13 yìí wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ pásítọ̀ fi ti ìjọba lẹ́yìn, àwọn kan tó ń pe ara wọn ní Kristẹni Jámánì tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n yọ pásítọ̀ tó bá ní ẹ̀jẹ̀ Júù lára kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bíbélì kan náà làwọn tó kọ̀ gbé dání, wọ́n kóra jọ sílùú Barmen lóṣù karùn-ún 1934, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jésù nìkan ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ìjọ gbọ́dọ̀ máa gbọ́ràn sí. Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ tó wà lára àwọn tó kọ̀, ìjọba yẹn so ó kọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1945, ó ku nǹkan bí oṣù kan péré kí ogun parí ní Yúróòpù.

Ẹ má wá torí ìyẹn sọ Ìṣe 5:29 di gbogbonìṣe. Arákùnrin kan sọ fún mi rí pé òun ò ní san owó orí torí olè làwọn tó ń gbà á, Ọlọ́run lòun ń gbọ́ràn sí. Mo ní ṣé Ọlọ́run ló ní kó o má san án ni àbí àpò ẹ? Ó bínú. Ṣebí owó tí wọ́n gbé wá fún Jésù lọ́jọ́ tí wọ́n bi í nípa owó orí, àwòrán Késárì ló wà lára ẹ̀, Tìbéríù ló sì ń jọba nígbà yẹn, kì í ṣe èèyàn mímọ́ kankan, nígbà tí Pọ́ọ̀lù náà ń kọ̀wé sáwọn ará Róòmù pé kí wọ́n san án, Nẹ́rò ló wà lórí oyè. Pétérù tó sọ ọ̀rọ̀ inú Ìṣe 5:29 yẹn, ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún un ni ìwàásù lórúkọ Jésù. Ṣífúrà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí yẹn, Fáráò ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin. Dáníẹ́lì, wọ́n ní kó má gbàdúrà. Ibi tí àṣẹ ìjọba ti di ẹ̀ṣẹ̀ sí wọn lọ́rùn ni wọ́n ti sọ pé rárá, wọn ò wá ìjà kiri. Dáníẹ́lì tiẹ̀ tún ń bá ọba tó fọwọ́ sí òfin àdúrà yẹn ṣiṣẹ́, inú ihò kìnnìún ló ṣì wà tó fi kí i pé kí ọba kó pẹ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó máa ń sọ pé òṣèlú dọ̀tí, a kì í ṣe ti ayé yìí, ọ̀run là ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí Jésù sọ fún Pílátù pé ìjọba òun kì í ṣe ti ayé yìí, ẹ ka ẹsẹ yẹn parí, ohun tó ń ṣàlàyé ni ìdí tí àwọn ìránṣẹ́ òun ò fi jà kí wọ́n má bàa mú òun, ìjọba náà ò ti ibí wá, kò sọ pé ọ̀rọ̀ ibí ò kàn án. Jeremáyà kọ̀wé sáwọn tí Bábílónì kó lẹ́rú pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fọ́mọ fọ́kọ, kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú yẹn kí wọ́n sì gbàdúrà fún un, torí nínú àlàáfíà ẹ̀ ni tiwọn wà. Ìlú àwọn tó kó wọn lẹ́rú mà ni o! Tí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí ò dáa, tá ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru, Kristẹni tó bá sì rò pé òun máa ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ hẹ̀rẹ̀huru yẹn, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀. William Wilberforce fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú àṣìṣe yìí, nígbà tó di onígbàgbọ́ ní nǹkan bí 1785 ó ń rò ó pé bóyá kóun kúrò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtìkó, John Newton tó ti fìgbà kan wa ọkọ̀ ẹrú kó tó di pásítọ̀ ló ní kó dúró. Ó dúró, òfin tó fòpin sí òwò ẹrú jáde ní 1807, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó gbọ́ ní 1833 pé òfin kejì, èyí tó máa dá àwọn ẹrú fúnra wọn sílẹ̀, máa wọlé ní ilé ìgbìmọ̀, ó kú.

Àmọ́ ẹ má rò pé tí Kristẹni bá ti gorí oyè, wàhálà ti tán nìyẹn. Ní 313 ni ìjọba Róòmù fún àwa Kristẹni lómìnira láti máa sìn, ní 380 wọ́n sọ ìgbàgbọ́ wa di ẹ̀sìn ìjọba, ní nǹkan bí 385 ọba tó jẹ́ Kristẹni ti pa Priscillian, bíṣọ́ọ̀bù bíi tàwọn tó fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ péré láti ẹni tí wọ́n ń pa sí ẹni tó ń pani! Bíṣọ́ọ̀bù Martin ti ìlú Tours lọ bẹ ọba pé kó má ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọn ò gbọ́. Pásítọ̀ tó ń gbé máìkì fún olóṣèlú lórí pẹpẹ lásìkò ìbò, kó rántí ìyẹn, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan tó kù, ẹ má pe lílo ẹ̀tọ́ yín ní àìnígbàgbọ́. Ní Fílípì, wọ́n na Pọ́ọ̀lù láìṣẹjọ́, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ilẹ̀ mọ́ wọ́n ránṣẹ́ pé kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní lọ síbo, ọmọ Róòmù lòun, kí wọ́n fúnra wọn wá mú òun jáde, wọ́n sì wá bẹ̀ ẹ́. Ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n ti dè é tán kí wọ́n nà án, ó bi wọ́n pé ṣé òfin gbà á. Ní Késáríà, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ Késárì. Nígbà tí ìwé Ìṣe fi máa parí, ó ti lo ọdún méjì gbáko ní Róòmù nínú ilé tó fowó ara ẹ̀ háyà, sójà ń ṣọ́ ọ, ó ń wàásù Jésù fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, Késárì tó pe ẹjọ́ sí lọ́dọ̀ yẹn, Nẹ́rò ni.