Bí ẹ ṣe lè pín ipò ogun nínú Age of Empires II: Ọ̀tún, Òsì àti Àárín

Géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà ni Age of Empires II. Ogun èèyàn mẹ́rin sí mẹ́rin nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, lórí máàpù Arabia tó ṣí gbayawu, tí kò sí odi tàbí omi tó máa gbà yín sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tíìmù tí mo ti bá ṣe é, ọmọ ogun kì í wọ́n wa. Kí gbogbo èèyàn fẹ́ jẹ́ Balógun ló ń pa wá. Kálukú á kọ́ ìlú tirẹ̀, á ja ogun tirẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá dáná sun ilé ẹnì kan tán làwọn yòókù á tó mọ̀.

1. Ẹ mọ ipò yín kí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gé igi

Ẹni méjì máa ń bọ́ sí ìta, nítòsí ọ̀tá. Àwọn òyìnbó ń pè wọ́n ní flank. Méjì tó kù wà nínú, wọ́n ń pè wọ́n ní pocket. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀tún, Òsì àti Àárín la ń pè é. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbàdàn ṣe ní Ọ̀tún Balógun àti Òsì Balógun. Ẹni tí iná wọn kì í dúró kó tètè sọ, ká mọ ẹ̀gbẹ́ tí a ó máa ṣọ́.

2. Ẹ pín iṣẹ́

Ọ̀tún àti Òsì á tètè kó tafàtafà jáde ní Feudal Age, ìyẹn sànmánì kejì nínú géèmù náà. Igi 25 àti wúrà 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn kọ́ ni láti ṣẹ́gun o. Kí wọ́n má ṣáà kú, kí wọ́n dá ọ̀tá dúró, ó tó.

Àárín ló nira jù, bó tilẹ̀ dà bíi pé òun ló ń gbádùn. Kò sí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà kó ro oko rẹ̀ dáadáa, kó sì yára dé Castle Age, sànmánì kẹta (oúnjẹ 800, wúrà 200 lẹ ó fi wọ̀ ọ́). Níbẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹlẹ́ṣin, oúnjẹ 60 àti wúrà 75 fún ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ tí ìyà ń jẹ ni ẹlẹ́ṣin àkọ́kọ́ ń lọ, kì í ṣe ibi tó wu ẹni tó ni wọ́n. Mẹ́rin péré lè tú tafàtafà ọ̀tá ká bí wọ́n bá dé lásìkò.

3. Ẹ kọ́ ọjà, kí ẹ sì ran ara yín lọ́wọ́

Igi 175 ni ọjà. Kí ẹ tó ṣe Coinage (ìmọ̀ tí ẹ ń rà nínú ọjà láti dín owó orí kù), owó orí 30% wà lórí ohun tí ẹ bá fi ránṣẹ́: kí 100 tó dé ọwọ́ ẹnìkejì, 130 ló máa kúrò lọ́wọ́ yín. Ó dunni, àmọ́ ẹ má ṣahun. Bí wọ́n bá ti pa òṣìṣẹ́ Òsì mẹ́wàá, wúrà 200 tó dé báyìí sàn ju ẹlẹ́ṣin mẹ́ta tó máa pẹ́ dé.

4. Ẹnu kan ni kó máa pàṣẹ

Mo fara mọ́ kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Àárín, torí òun ló ráyè wo máàpù kékeré ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣókí: ibo, kí ni, mélòó. "Òsì, ẹlẹ́ṣin mẹ́fà, nídìí igi." "Ẹ gbà mí o!" kò sọ nǹkan kan fún wa. A kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: bí ẹlẹ́ṣin ọ̀tá kan bá ń lé agégi kiri nígbà tí tafàtafà mẹ́wàá wà nídìí wúrà, apàṣẹ ló máa sọ pé ẹ fi agégi yẹn sílẹ̀.

5. Lójú ìjà gan-an

Bí ọ̀tá bá kó ẹlẹ́ṣin wá, ẹ fi àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ gún nǹkan kò ó; bó bá jẹ́ tafàtafà, ẹ fi skirmisher (àwọn tó ń ju ọ̀kọ̀ láti òkèèrè) kò ó. Bí ẹ̀rọ ajùkúta bá yọjú, ẹ pín tafàtafà yín sí méjì kí òkúta tó balẹ̀. Ẹ fi Ctrl àti nọ́ńbà sàmì sí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

6. Ẹ wo àtúnwò rẹ̀

Géèmù náà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjà. Ẹ má wo gbogbo rẹ̀. Ẹ lọ sí ìṣẹ́jú tí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ wó, kí ẹ wá ẹlẹ́ṣin Àárín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lẹ ó ti bá wọn, ó ń dúró kí wọ́n pé ogún.