Ẹ má fi orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan yan Masters "climate risk" ní UK o

Ẹ jẹ́ ká yára sọ èyí tó rọrùn ká lè ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá ka Masters lórí ewu ojú ọjọ́ ní UK, orí wẹ́ẹ̀bù yunifásitì gan-an lẹ ti máa fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ kó transcript àti lẹ́tà olùkọ́ yín jọ, wọ́n á fún yín ní offer, ẹ máa san deposit, wọ́n á fi CAS (nọ́ńbà ẹ̀rí pé yunifásitì ti gbà yín, tẹ́ ẹ máa fi béèrè físà) ránṣẹ́, ẹ máa lọ gba físà. Owó tẹ́ ẹ máa fi hàn gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko, kó má lọ sílẹ̀ ju iye tí wọ́n ní kó jẹ́. Owó ìlera jẹ́ £776 lọ́dún, ṣùgbọ́n físà Masters ọlọ́dún kan máa ń ju ọdún kan lọ, £1,164 ni wọ́n sábà máa ń gbà, ẹ fi sọ́kàn. Ìyàwó, ọkọ àti ọmọ ò lè bá yín wá lórí Masters tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, wọ́n ti fòpin sí i láti January 1, 2024. Ìyẹn tán.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ẹ máa rí kọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ climate risk, tàbí climate change àti risk management, tàbí nǹkan tó fara pẹ́ ẹ, orúkọ wọn jọra bí ìbejì àmọ́ ohun tó wà nínú wọn ò jọra rárá. Ọ̀kan á jẹ́ òfin àti ìlànà ìjọba, essay lẹ máa kọ títí ẹ̀yìn á fi máa dùn yín. Òmíràn á jẹ́ físíìsì, statistics àti kóòdù. Ẹ̀kẹta á jẹ́ ti báǹkì àti ìnṣọ́ránsì. Ejẹ́ǹtì ò ní sọ èyí fún yín. Yunifásitì ló máa ń sanwó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí ẹni tí wọ́n bá mú wọlé, mi ò sọ pé olè ni wọ́n, àmọ́ ibi tí owó tiwọn wà ni wọ́n máa darí yín sí, kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò kan tí mo mọ̀, Geography ló kà ní digiri àkọ́kọ́, ejẹ́ǹtì ní kó fọkàn balẹ̀, kò sí ìṣirò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àyíká lásán ni. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ni wọ́n gbé fáìlì òjò ọ̀pọ̀ ọdún fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, wá bí òjò tó le jù ṣe lè pọ̀ tó. Ó pè mí lóru: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ netCDF?" Mo ní fáìlì tí wọ́n ń kó data ojú ọjọ́ sí ni. Ó dákẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì kọ kóòdù rí láyé mi."

Ó lọ sí ọ́fíìsì wọn pé òun fẹ́ yí kọ́ọ̀sì. Ẹ gbọ́ ibi tó le sí: kọ́ọ̀sì yẹn àti ilé ìwé yẹn ni físà yín dúró lé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sí yunifásitì míì, CAS tuntun àti físà tuntun lẹ máa wá. Tó bá jẹ́ inú ilé ìwé kan náà, kọ́ọ̀sì tuntun ò gbọdọ̀ relẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè parí ẹ̀ kí físà tó wà lọ́wọ́ yín tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa jáde kúrò ní UK lọ gba òmíràn. Masters ọlọ́dún kan rèé, kíláàsì ti lọ jìnnà, wọ́n ní kó dúró di September tó ń bọ̀. Owó ilé ìwé ti wọlé sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wá ń bi mí pé ṣé kẹ́ ẹ sá fún ìṣirò ni? Rárá o! Ọ̀tọ̀ ni ti ẹnjiníà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ìnṣọ́ránsì tó wá bá ara ẹ̀ nídìí essay lórí àdéhùn ojú ọjọ́ ti Paris 2015 láti September títí di May. Òun náà pàdánù.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá, ẹ wò ó. Tí wọ́n bá ní omíyalé "ọgọ́rùn-ún ọdún", kì í ṣe pé tó bá ti wá lẹ́ẹ̀kan ó tún di ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó túmọ̀ sí pé lọ́dọọdún, ìdá 1 nínú 100 ni pé ó lè dé. Fún ẹni tó fẹ́ gbé ilé kan fún ọdún 30, ó ti di bí ìdá 26 nínú 100. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpinnu wá kàn. Ká ní ilé iṣẹ́ kan kó ẹrù £100,000 sétí odò, tí kíkó o kúrò máa ná wọn ní £10,000, tí àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní ìdá 15 nínú 100 ni pé omi máa dé. £10,000 jẹ́ ìdá 10 nínú 100 ti £100,000, 15 ju 10 lọ, kí wọ́n kó o. Bó bá jẹ́ 5 ni wọ́n sọ, kí wọ́n fi sílẹ̀, kódà tí omi bá padà gbé e lọ, ìpinnu yẹn ò burú. Èyí máa ń ká ọ̀pọ̀ èèyàn lára, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ la fi máa ń dá ẹni tó pinnu lẹ́jọ́.

Ó tún wá ku ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè fún yín ní 15 tàbí 5 yẹn. Òkun máa ga tó báwo ní ọdún 2100? Àwọn tó ń dáàbò bo London lọ́wọ́ omi Thames ò dì mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò wọn tó ń jẹ́ Thames Estuary 2100 tó jáde ní 2012. Wọ́n to ọ̀nà sílẹ̀: bí omi bá ga dé ibí, iṣẹ́ báyìí ló kàn, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà. Kọ́ọ̀sì tó bá dáa máa kọ́ yín ní méjèèjì: bẹ́ ẹ ṣe máa pinnu nígbà tí nọ́ńbà wà àti nígbà tí kò sí. Iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, Bank of England pàápàá ti dán báǹkì àti ìnṣọ́ránsì wò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2021.

Torí náà ẹ ṣí ojú ewé àwọn module (ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú kọ́ọ̀sì), ẹ yẹ èyí tó jẹ́ core, ìyẹn dandan, wò, torí optional, èyí tẹ́ ẹ máa fúnra yín yàn, kì í ṣe ìlérí, wọ́n lè má kọ́ ọ lọ́dún yẹn. Ẹ wò ó bóyá ìdánwò ni, essay ni àbí kóòdù. Ẹ kọ ímeèlì sí ẹni tó ń darí kọ́ọ̀sì náà fúnra ẹ̀, kì í ṣe ejẹ́ǹtì, ẹ bi í pé kí ló yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀ nínú ìṣirò kẹ́ ẹ tó dé. Wọ́n máa ń fèsì. Ẹ má sọ pé ojú ń tì yín o!

Àwọn tó kù kúkurú: 50 lẹ fi ń yege, 70 ni distinction, tẹ́ ẹ bá rí 62 ẹ má sunkún. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́, ìgbà ooru tẹ́ ẹ̀ ń kọ dissertation kì í ṣe họlidé fún Masters, 20 náà ṣì ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Graduate visa, ìyẹn físà tẹ́ ẹ máa fi dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹni tó bá béèrè láti January 1, 2027 lọ, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un, kì í ṣe ọdún méjì mọ́.

Tí offer bá sì ti wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ ka ojú ewé tí wọ́n kọ refund sí kẹ́ ẹ tó fi deposit ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ yunifásitì kì í dá a padà àfi tí wọn ò bá fún yín ní físà, "kọ́ọ̀sì yìí kọ́ ni mo rò" ò sí lára ẹ̀.